Ìwé tí í ṣe Gúrù

Bí ìwé mímọ́ àwọn Síìkì bá wà nínú àpótí onígíláàsì, ohun àtijọ́ ni olùtọ́jú ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ń wò. Lójú àwọn Síìkì, Gúrù wọn, èyíinì ni olùkọ́-àgbà, ló wà níbẹ̀.

Ọdún 1604 ni Gúrù Arjan kó àwọn orin mímọ́ náà jọ, tí a sì gbé ìwé náà kalẹ̀ ní Amritsar. Ní 1708, kí Gúrù Gobind Singh tó kú, ìwé ni ó fi jẹ Gúrù lẹ́yìn ara rẹ̀, kò yan ènìyàn mọ́. Láti ìgbà náà, bí ọba ni wọ́n ń ṣe é: orí ìtẹ́ ló ń wà lábẹ́ ìbòrí, wọn a máa ju ìrùkẹ̀rẹ̀ lókè rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, wọn a gbé e lọ sí iyàrá ìsinmi. Ẹni tó bá pàtẹ rẹ̀ sí ìpele ìsàlẹ̀, tó wá to bàtà ọmọ-aládé kan sókè rẹ̀, ti tàbùkù Gúrù.

Èyí tó ṣòro jù ni ti ẹ̀dà tó ti gbó. Ní Goindwal, iná ni wọ́n fi ń sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìtàn tó jóná ni olùtọ́jú ilé-ìkàwé rí, n kò sì lè bá a wí, pàápàá lẹ́yìn ogun 1984 tí ilé-ìkàwé àwọn Síìkì ní Amritsar pàdánù ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ. Láti 2003 ni Panjab Digital Library ti ń ya àwòrán irú ìwé bẹ́ẹ̀, ojú-ewé kan tẹ̀lé òmíràn. Bí àwòrán bá ti wà nípamọ́, kò sí ohun tó ní kí a má sin ìwé náà.