MBA àbí MSc? Ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ Sango-Ota mọ̀

Láti ọdún 2002 ni Covenant University ti wà ní Ota, wọ́n sì ń kọ́ nípa ìṣòwò níbẹ̀ dé ipele MBA, MSc àti PhD. Ẹ fara balẹ̀ yàn o. MBA dára fún ẹni tó fẹ́ di máníjà níléeṣẹ́: ìṣirò owó, ọjà títà, àkóso òṣìṣẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, MSc ni kó ṣe, torí òun ni wọ́n sábà máa ń bèèrè fún PhD. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní HND, ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe PGD. Kẹ́ ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ bèèrè ọjọ́ tí kíláàsì máa ń wáyé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ṣíìfù alẹ́.