Ìfi jíà aláfọwọ́yí rọ́pò jíà aládàáṣiṣẹ́ nínú Ford Mustang àtijọ́

Ìfi jíà aláfọwọ́yí rọ́pò jíà aládàáṣiṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ nínú èyí tí wọ́n ti ń yọ àpótí jíà tó ń yí ara rẹ̀ padà kúrò, tí wọ́n sì ń fi èyí tí awakọ̀ ń fọwọ́ yí, pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì, sí ipò rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pàápàá Ford Mustang ọdún 1965 àti 1966.

Ìpìlẹ̀

Ford ṣí aṣọ lójú Mustang ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964 níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní New York. Olùrà lè yan jíà aláfọwọ́yí tàbí C4, tí í ṣe jíà aládàáṣiṣẹ́ oníipele mẹ́ta. Nítorí pé oríṣi ọkọ̀ méjèèjì ló ti ilé-iṣẹ́ jáde, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí iṣẹ́ náà nílò ni a lè yọ lára Mustang mìíràn. Àwọn kan máa ń lo Toploader oníipele mẹ́rin tó bá ìgbà ọkọ̀ náà mu. Àwọn mìíràn fẹ́ràn T-5 oníipele márùn-ún, irú èyí tí Ford lò nínú Mustang àwọn ọdún 1980, nítorí pé ìpele karùn-ún rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré jù lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà tó ń yípadà

Wọ́n máa ń yọ pẹ́dàlì búréèkì fífẹ̀ kúrò, wọ́n á sì fi pẹ́dàlì búréèkì kékeré àti ti kílọ́ọ̀ṣì sí i. Flywheel tó wúwo ni yóò rọ́pò àwo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ń de kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi búṣì kékeré sí ìdí kránkì láti gbé orí ọ̀pá jíà ró. Wọ́n tún máa ń gé ihò ọ̀pá jíà sí ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á sì wò ó bóyá gígùn pùròpẹ́là ṣì bá a mu.

Àwọn ohun tí C4 fi sílẹ̀ náà nílò àbójútó. Wọ́n gbọ́dọ̀ dí ojú rọ́bà tó so ó mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì yóò máa gbọ̀n. Wọ́n á sì dí ojú páìpù tó ń gbé ọ́ìlì rẹ̀ lọ sínú rédíétọ̀.

Ewu

Ẹ́ńjìnnì 289 nílò flywheel tí ìdọ́gba rẹ̀ jẹ́ 28 áúǹsì-íǹṣì, ṣùgbọ́n 302 inú Mustang àárín àwọn ọdún 1980 ń lo 50. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ yóò rí ìgbọ̀nrìrì tó lè ba bẹ́árììnì ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Ewu kejì wà nínú wáyà. Ọkọ̀ oní-C4 kì í sítáàtì àyàfi tí ọ̀pá jíà bá wà ní ipò ìgbọ́kọ̀sí tàbí ipò òfo. Bí wọ́n bá kàn so wáyà ìdènà yìí pọ̀, ọkọ̀ lè fò síwájú nígbà tí ẹnì kan bá sítáàtì rẹ̀ nínú jíà. Ohun tó dára jù ni kí wáyà náà gba súwíìṣì tí pẹ́dàlì kílọ́ọ̀ṣì ń tẹ̀.

Ìníyelórí ọkọ̀

Nínú Mustang ọdún 1965 àti 1966, àwo àmì ara ilẹ̀kùn máa ń sọ jíà tí ọkọ̀ bá jáde: 6 dúró fún C4, 5 sì dúró fún aláfọwọ́yí oníipele mẹ́rin. Ẹni tó bá mọ àmì wọ̀nyí yóò tètè mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ jíà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ máa ń tọ́jú C4 àti àwọn ẹ̀yà rẹ̀ pamọ́, kí ẹni tí yóò rà á lẹ́yìn wọn lè dá a padà sí bó ṣe wà.