Balógun Méjì, Góólù Mẹ́ta-Mẹ́ta

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé ni mo wà ní Àgbábù. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ibẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ dé Orè, kí ẹ wá béèrè. Ìlú etí odò ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó, ibi tí ọ̀dà dúdú ti ń sun jáde nínú ilẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ẹ. Bí oòrùn bá mú, á rọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ bàtà ẹni. Láti nǹkan bí ọdún 1908 ni ilé iṣẹ́ òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́ ilẹ̀ kiri ní apá ìhín, wọ́n ń wá epo. Ọ̀dà náà ṣì wà nílẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù náà, Amẹ́ríkà àti Bolivia pàdé nínú ìdíje Copa América ní ìpínlẹ̀ Texas. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Fóònù kan ṣoṣo ni àwa márùn-ún fi ń wò ó, a gbé e ti ife omi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti fẹ̀yìn ti ògiri, a rò pé wọ́n ti sùn. Bí ó ti ku díẹ̀ kí abala àkọ́kọ́ parí ni asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù pariwo orúkọ kan, bọ́ọ̀lù sì ti wọ inú àwọ̀n. Bàbá la ojú.

“Balógun ìlú wo nìyẹn?”

A ní Amẹ́ríkà ni, Bàbá.

“Amẹ́ríkà ti ń jẹ oyè Balógun báyìí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Balógun tí mo mọ̀, Thunder ni wọ́n ń pè é.”

Nínú àwa ọ̀dọ́ tó jókòó síbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ Thunder yìí ju pé pápá ìṣeré kan wà ní Sùúrùlérè tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀, torí èmi ni mo ń pe ara mi ní akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ti ìsinsìnyí. Ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 2001 ni wọ́n bí Fọlárìn Balógun ní Brooklyn, ní New York, Yorùbá sì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Kò dàgbà síbẹ̀. Ìlú London ni wọ́n gbé e lọ nígbà tó ṣì kéré, ibẹ̀ ló ti mọ bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ Arsenal sì mú un sí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wọn ní Hale End. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà kò wo ibi tí ọmọ ti dàgbà. Láti ọdún 1868 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn pé ẹni tí a bá bí sórí ilẹ̀ wọn, ọmọ wọn ni. Bí ọmọ kan ṣe di ará Amẹ́ríkà nìyẹn, tó di ará London, tó sì tún ń jẹ́ orúkọ tí ìyá ìyá rẹ̀ lè pè láìkọsẹ̀.

Kì í ṣe òun ni ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. John Harkes ti dé Sheffield Wednesday láti ọdún 1990, ó sì jẹ góólù ní Wembley nínú àṣekágbá ife líìgì ọdún 1993, Arsenal gan-an ló jẹ ẹ́ sí. Ará Scotland ni bàbá tirẹ̀ náà, ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Clint Dempsey dé Fulham, tó jẹ góólù 17 nínú líìgì ní sáà kan ṣoṣo, ọdún 2011 sí 2012. Àwọn wọ̀nyí kọ́ bọ́ọ̀lù nílé kí wọ́n tó sọdá òkun. Fọlárìn yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ọ, Amẹ́ríkà ló wá kórè rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gùn. Oṣù kẹwàá ọdún 2020 ló kọ́kọ́ wọ pápá fún àwọn àgbà Arsenal, nígbà tí wọ́n gbá pẹ̀lú Dundalk nínú ìdíje Europa. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ó jẹ góólù sí Molde. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2021, Aubameyang àti Lacazette ń ṣàìsàn, ni wọ́n bá ní kí ọmọ ogún ọdún yìí ṣíwájú ní ilé Brentford. Arsenal fìdí rẹmi, 2 sí òdo. Ẹ̀yin ọmọ Arsenal, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ rántí alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni wọ́n yá a fún Middlesbrough ní ìpele kejì. Ó gbá ìdíje líìgì 18 níbẹ̀, ó jẹ góólù 3. Gbogbo góólù tó jẹ nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn: mẹ́ta. Ẹ di iye yẹn mú.

Faransé ló ti wá là. Wọ́n yá a fún Reims, ó jẹ góólù 21 nínú líìgì ní sáà 2022 sí 2023. Nígbà náà ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Ó ti wọ aṣọ àwọn ọ̀dọ́ England, títí kan ti àwọn tí kò tí ì pé ọdún 21. Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ sí i nítorí òbí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ó kéde pé Amẹ́ríkà ni òun máa gbá fún. Ní oṣù kẹfà ó wọ pápá pẹ̀lú Mexico, ọjọ́ kẹta sí i ó jẹ góólù sí Canada, wọ́n sì gba ife. Lẹ́yìn èyí ni Monaco rà á.

Mo rántí ohun tí àwọn èèyàn wa kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún náà. Òmíràn ní ó ta ilé baba rẹ̀. Èmi náà kọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní tún kọ síbí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Hale End yẹn dáadáa. Bukayo Saka jáde níbẹ̀, ọdún 2001 kan náà ni wọ́n bí òun àti Fọlárìn, ọmọ Yorùbá ni bákan náà, ó sì mú England. Alex Iwobi jáde níbẹ̀, Èkó ni wọ́n bí i sí, ó mú Nàìjíríà, òun ló jẹ góólù tó gbé wa dé Ife Àgbáyé ọdún 2018 nígbà tí a na Zambia ní Uyo. Ilé ẹ̀kọ́ kan, ọmọ mẹ́ta, àsíá mẹ́ta. Ta ló ta ilé baba ta nínú wọn?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Thunder.

Teslim Àyìndé Balógun, ọmọ Èkó, agbábọ́ọ̀lù iwájú ni. Agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é ní orúkọ ààrá. Ẹgbẹ́ Rélùwéè Èkó wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó gbá fún, nígbà tí ife Gómìnà jẹ́ ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń tìtorí rẹ̀ dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1949, wọ́n kó agbábọ́ọ̀lù 18 jọ láti gbogbo Nàìjíríà, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Apapa láti Èkó, Etim Henshaw ni ọ̀gágun wọn, Teslim wà láàárín wọn. Liverpool ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Ẹgbẹ́ Marine ní Crosby ni wọ́n kọ́kọ́ bá gbá, wọ́n nà wọ́n ní 5 sí 2. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá a! Àwọn òyìnbó tó wá wòran kò rí irú rẹ̀ rí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ tí koríko tutù, ẹsẹ̀ lásán kò dúró mọ́, wọ́n ń yọ̀ ṣubú. Nínú ìdíje mẹ́sàn-án, wọ́n borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n pàdánù márùn-ún. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, wọ́n yà ní Freetown ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, wọ́n na Sierra Leone ní 2 sí òdo. Ìdíje tí a kà sí àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá nìyẹn. Lójú omi ni Super Eagles ti pa ẹyin.

Titus Okere, tí òun náà wà nínú ọkọ̀ yẹn, ló kọ́kọ́ padà lọ, ó tọwọ́ bọ̀wé fún Swindon Town, àmọ́ wọn kò fi í gbá nínú líìgì. Ní ọdún 1955 ó kan Teslim. Peterborough United ló gbà á. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ nígbà náà ni George Swindin, tó ti ṣọ́ ilé fún Arsenal fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ rí i, Arsenal kò jìnnà sí ìtàn àwọn Balógun yìí rí. Peterborough kò tí ì wọ líìgì ńlá nígbà náà, ìdíje Midland ni wọ́n ń gbá. Láti ibẹ̀ ni Teslim ti kọjá sí Skegness Town, lẹ́yìn náà Queens Park Rangers ní London mú un ní ọdún 1956. Ìpele kẹta apá gúúsù ni wọ́n wà. Ó gbá ìdíje líìgì 13 fún wọn.

Góólù mélòó ló jẹ? Mẹ́ta.

Nígbà tí mo rí i, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Balógun kan ní QPR, Balógun kan ní Middlesbrough, ọdún 65 ló wà láàárín wọn, góólù líìgì mẹ́ta-mẹ́ta. Ohun tí wọ́n gbà lórí rẹ̀ kò jọra o. Nígbà ayé Teslim, òfin bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbà ju pọ́n-ùn 15 lọ lọ́sẹ̀. Ti Fọlárìn, bíi mílíọ̀nù 30 yúrò ni ìròyìn sọ pé Monaco kọ́kọ́ san lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn mí jù. Òfin jíjẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí Ìlú Ọba ṣe ní ọdún 1948, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1949, sọ pé ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ tó jẹ́ ti ọba gan-an, bíi Èkó, jẹ́ ọmọ ìlú kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n bí ní London. Ẹni tí wọ́n bí ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ní àwọn kàn ń dáàbò bò kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá bí Teslim sí Àgbábù, ẹni tí òyìnbó ń dáàbò bò lásán ni ì bá jẹ́. Èkó ni wọ́n bí i sí, torí náà nínú ìwé, ọmọ ìlú kan náà ni òun àti gbogbo àwọn tó ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ ní Loftus Road. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́ gbá fún England. Kò sí ẹni tó yẹ kó yan nǹkan kan. Lójú wọn, àlejò láti Áfíríkà ni. Ti Fọlárìn, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló ń fojú sọ́nà fún ìdáhùn rẹ̀. Nígbà tí mo fi ti àkọ́kọ́ wé ti ìkejì, ọ̀rọ̀ tí mo kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2023 kò dùn mọ́ mi lẹ́nu mọ́. Mo ti pa á rẹ́.

Teslim kò jókòó sí Ìlú Ọba. Ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀, wọ́n sì kà á sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ó padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó wà pẹ̀lú ikọ̀ wa tó lọ sí Òlíńpíìkì ní Mexico ní ọdún 1968, níbi tí a ti ta ọ̀mì 3 sí 3 pẹ̀lú Brazil. Ní ọdún 1972 ló kú, ojú oorun ló gbà lọ. Àgbábọ́ọ̀lù díẹ̀ ni a fi odidi pápá sọ lórúkọ ní Èkó, tirẹ̀ sì kọjú sí pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ti Bolivia, Amẹ́ríkà bá Panama gbá ní Atlanta. Balógun tún jẹ góólù, ṣùgbọ́n 2 sí 1 ni Panama fi borí. Bàbá ti sùn ní tòótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ní àárọ̀, mo bá wọn létí odò níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe.

“Balógun ńkọ́?”

Mo ní ó jẹ góólù, sà, àmọ́ wọ́n nà wọ́n.

Wọ́n ní, “Ṣé ó wọ bàtà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mi orí, wọ́n sì ní kí n bá wọn di etí àwọ̀n kejì mú.