Fíùsì àti Bírékà: Láti Iná Ìjọba dé Iná Oòrùn ní Ọ̀tà

Ní ọdún 1964 ni a gbé ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu fi idẹ rọ kalẹ̀ níwájú ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba ní Marina, ní Èkó. Àwọn tí ó ronú kan Ṣàngó fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣìnà, nítorí agbára tí ń tan ìmọ́lẹ̀ náà ni í sun ilé. Bí a ṣe ń dá agbára yìí lẹ́kun ni ó yẹ kí á fi ojú ìtàn wò, pàápàá ní Ọ̀tà àti Ṣàngó Ọ̀tà, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń yíjú sí iná oòrùn.

Fíùsì kò ju wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní aláìlágbára. Bí iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá bá pọ̀ jù, yóò gbóná, yóò yọ́, ọ̀nà iná yóò sì já. Nígbà tí Thomas Edison bẹ̀rẹ̀ sí pín iná fún àwọn ará New York ní 1882, ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná tirẹ̀ ń ṣàn sí. Kò pẹ́ tí oríṣi kejì fi borí rẹ̀, èyíinì ni iná tí ń lọ tí ń bọ̀, nítorí pé ó rọrùn láti gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Iná dé Èkó ní 1896; oríṣi kejì yìí ni ó sì gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Òun ni NEPA pín fún wa láti 1972. Orí rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ iná wa ti kọ́ṣẹ́.

Wọ́n kọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n àṣà búburú kan wọlé. Bí fíùsì bá jó, a ó wá wáyà tí ó nípọn dè é. Iná tàn, inú onílé dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ti kú. Bírékà kékeré tí Hugo Stotz gbé jáde ní Jámánì ní 1924 dín àṣà yìí kù, nítorí pé bí ó bá já, ọwọ́ lásán ni a fi ń gbé e padà.

Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí i ní Ọ̀tà. Àwọn wọ̀nyí lówó jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì lówó ẹnjiníà. Aránṣọ àti onígbàjámọ̀ kò ní méjèèjì. NEPA di ohun ìtàn ní 2005. Ní 2013 ni ìjọba ta àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná, Ọ̀tà sì bọ́ sábẹ́ ti Ìbàdàn. Òkùnkùn kò tán. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, owó epo ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó di kí aránṣọ máa bèèrè iye tí wọ́n ń ta pánẹ́ẹ̀lì.

Iná oòrùn mú iná oríṣi ti Edison padà. Láti pánẹ́ẹ̀lì dé bátìrì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń ṣàn sí. Ibí yìí ni ìmọ̀ àtijọ́ ti ń tan ènìyàn jẹ. Iná ìjọba a máa di òfo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, bí bírékà bá já, ẹ̀ta iná tí ó bá yọ níbẹ̀ yóò kú fúnra rẹ̀. Iná ọ̀nà kan kì í sinmi. Ẹ̀ta rẹ̀ lè dúró gangan bí iná àwọn wẹ́dà, kí ó sì jó bírékà náà fúnra rẹ̀. Bírékà tí a kọ AC nìkan sí lára kò yẹ níbẹ̀. Èyí tí a kọ DC sí, tí iye fóòtì rẹ̀ sì tó, ni kí á rà. Bí ó bá ní àmì + àti −, a kò gbọdọ̀ dè é ní ìdàkejì.

Ìṣirò náà yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo aránṣọ tí ínfátà rẹ̀ gba 1000 wáàtì. Lórí iná 230 fóòtì, ámpù 4 àti díẹ̀ ni. Lórí bátìrì 12 fóòtì, iṣẹ́ kan náà fẹ́ ámpù 83. Bí a bá sì ka èyí tí ínfátà ń fi ṣòfò mọ́ ọn, ó ju 90 lọ. Wáyà tí a fi ń de gílóòbù yóò jóná níbẹ̀. Wáyà ni fíùsì ń ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Nítorí náà wáyà ni a kọ́kọ́ ń yàn. Wáyà 35 mm² àti fíùsì 125 ámpù yóò bá a mu, kí fíùsì náà sì súnmọ́ orí + bátìrì pẹ́kípẹ́kí. Àwọn kan ń sọ pé fóòtì 12 kì í gbe ènìyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí irin bá so orí bátìrì ńlá méjèèjì pọ̀, ẹgbẹ̀rún ámpù lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Pánẹ́ẹ̀lì kò rí bẹ́ẹ̀. Kódà bí wáyà rẹ̀ bá kan ara wọn, iná rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ, nítorí náà fíùsì orí pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kì í sábà jó. Bí a bá so mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni ó di dandan kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí àwọn yòókù má baà da iná wọn sínú èyí tí ó bàjẹ́. Lẹ́yìn ínfátà, ọ̀nà àtijọ́ tún bẹ̀rẹ̀: bírékà iná ìjọba àti púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí fíùsì 13 ámpù wà nínú rẹ̀, yóò ṣe iṣẹ́ wọn níbẹ̀.