Ìbọn Àtijọ́ Tí Wọ́n Tún Rọ: Èló Ni, Kí Sì Ni Òfin Wí?

Nígbà tí Prussia àti Denmark jagun ní ọdún 1864, ohun tí àwọn olórí ogun Gẹ̀ẹ́sì rí níbẹ̀ kó wọn láyà sókè. Ìdí ìbọn ni àwọn ọmọ ogun Prussia ti ń ki ọta bọ̀ ọ́. Ẹnu ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣì ti ń ki ìbọn Enfield tirẹ̀: ẹ̀tù á wọlé, ọta á tẹ̀ lé e, ọ̀pá á sì gún un mọ́lẹ̀. Bó ti wù kí ó yára tó, bí ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò yìn ín ní ìṣẹ́jú kan.

Enfield tó wà nílẹ̀ pọ̀ kọjá ohun tí ìjọba lè dà nù. Ará Amẹ́ríkà kan, Jacob Snider, ló mú ọ̀nà àbáyọ wá: kí wọ́n gé bí íǹṣì méjì ààbọ̀ kúrò ní ìdí ọ̀pá ìbọn, kí wọ́n fi irin tó ní ìdérí rọ́pò rẹ̀. Ìdérí náà á ṣí sí ọwọ́ ọ̀tún, ọta á bọ́ sínú, ó parí. Ní 1866 ni ìjọba gbà á. Igi àtijọ́ náà ni, ọ̀pá àtijọ́ náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá ní ìṣẹ́jú kan.

Ìbọn yìí dé ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àpapọ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ṣakabùlà, ìbọn tí à ń ki láti ẹnu, ni ọ̀pọ̀ jagunjagun gbójú lé. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ló ra ìbọn ìgbàlódé, Snider sì wà lára wọn, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtìparapọ̀, àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìbàdàn tó ti ń ṣẹ́gun tipẹ́ kò rí Èkìtìparapọ̀ gbé ṣe, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886. Nígbà tó di 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels, wọ́n fòfin de irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Ṣakabùlà olókùúta nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún títà.

Ẹni tó bá fẹ́ díye lé Snider lónìí, kó kọ́kọ́ wo irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòlù rẹ̀. Bí ọdún tó wà níbẹ̀ bá ṣáájú 1866, bí àpẹẹrẹ 1861, Enfield tí wọ́n tún rọ ni. Àtúnrọ yẹn kò bà á jẹ́ rárá. Òun gan-an ni ìtàn rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ẹ̀yìn ló ń ba ìbọn jẹ́: ẹni tó gé ọ̀pá kúrú, tó fi ayùn dín igi rẹ̀ kù, tó fi pépà oníyanrìn pa àmì ilé iṣẹ́ rẹ́. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ ọdẹ ra ìbọn ológun Springfield 1903 lówó pọ́ọ́kú, wọ́n gé igi rẹ̀, wọ́n dá ihò sí i lára láti gbé awò lé e. Lónìí, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ló gbówó lórí jù wọ́n lọ fíìfíì.

Òfin kò rí bákan náà níbi gbogbo. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968 ka ìbọn tí wọ́n rọ ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ohun àtijọ́. Òfin Gẹ̀ẹ́sì, ti 1968 bákan náà, gbà kí ènìyàn fi ìbọn àtijọ́ ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé. Bó bá fẹ́ yìn ín, ọ̀rọ̀ di ti ìwé àṣẹ. Ní Nàìjíríà, ọ̀nà mẹ́ta ni òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959 pín ìbọn sí, kì í sì í ṣe ọjọ́ orí ló fi pín in. Ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí kẹta, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí alágbẹ̀dẹ bá sọ ọ́ di ìbọn tí à ń ki láti ìdí, ó ti jáde kúrò ní ìsọ̀rí yẹn, ìwé àṣẹ àtijọ́ kò sì lè gba ẹni tó ni ín mọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá bá ìbọn bàbá àgbà rẹ̀ lókè àjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e lọ sí àgbẹ̀dẹ, ẹ má sì fi nǹkan kan ha á. Ẹ kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ lórí ìwé àṣẹ rẹ̀.