Sushi Kì í Ṣe Ẹja Àìsè: Ìkan Ìrẹsì Ló Bí Orúkọ Rẹ̀

Láàárín àwọn Yorùbá tó ń gbé Wuye l'Ábùjá, bí ẹnìkan bá dárúkọ sushi, ẹja àìsè ló ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn, wọn a sì yínmú. Mo ta ko òye yìí. Ìrẹsì ni orúkọ náà dá lé, kì í ṣe ẹja.

Nínú èdè Japan àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ohun tó kan. Ẹ wo funazushi, tí wọ́n ṣì ń ṣe létí adágún Biwa ní Japan: wọn a fi iyọ̀ pa ẹja odò, wọn a tò ó sáàárín ìrẹsì sísè nínú àgbá, wọn a gbé òkúta tẹ̀ ẹ́ fún bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrẹsì á kan, ìkan yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹja bàjẹ́. Òfin Yoro, òfin ìjọba Japan ti ọdún 718, ti ka sushi mọ́ ohun tí aráàlú lè fi san owó orí. Ẹni tó bá ti rẹ àgbàdo rí, tó lọ̀ ọ́, tó sẹ́ ẹ, tó sì da omíkan orí ògì sọ́tọ̀ fún àgbo, mọ iṣẹ́ yìí dáadáa: ìran kòkòrò àìfojúrí kan náà, Lactobacillus, ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

Nígbà tó yá, wọ́n ń da ọtí kíkan sí ìrẹsì kó lè tètè kan. Ní Edo, tó di Tokyo lónìí, ni Hanaya Yohei ti sọ èyí tí a ń fọwọ́ mọ di olókìkí láàárín 1820 sí 1830. Ọ̀rọ̀ náà, sushi, ti wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní 1893.

Àwọn kan lè ní ìlò ló ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ni ká ti wá pe inarizushi? Ìrẹsì kíkan inú àpò wàrà sóyà díndín ni, ìyẹn wàrà tí Ábùjá ń pè ní awara. Kò sí ẹja níbẹ̀ rárá, sushi sì ni. Sashimi ló jẹ́ ẹja àìsè tí kò ní ìrẹsì, kò sì sí ará Japan tó ń pè é ní sushi. Kódà ẹja Titus tí à ń rà ní dídì lọ́jà, iyọ̀ àti ọtí kíkan ni wọ́n fi ń pa á kí wọ́n tó gbé e lé ìrẹsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "ẹja tútù" síwájú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́ pé: ìrẹsì sísè tí a fi ọtí kíkan, iyọ̀ àti ṣúgà pò, tí a lè fi ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀fọ́ sí.