Ọyẹ́, Òrí àti Ìtọ́jú Awọ Ara ní Ìlú Niamey

Àwọn àgbà Yorùbá máa ń sọ pé ọyẹ́ ni yóò kìlọ̀ fún onítòbí. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ tí wọ́n mọ̀ ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìbàdàn, àlejò ni: ó dé, ó fẹ́ fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì padà sí ibi tí ó ti wá. Ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ọyẹ́ kì í ṣe àlejò, onílé ni. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì ni ó ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí ó sì ń ru eruku wá, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Àwọn Hausa ìlú náà ń pè é ní hunturu.

Òtútù nìkan kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ní oṣù Kìíní, ooru Niamey lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 16 ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ó sì gun òkè dé 32 ní ọ̀sán. Gbígbẹ afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣe awọ ara ní jàǹbá. Afẹ́fẹ́ tí kò ní omi nínú a máa fa omi jáde lára ohunkóhun tí ó bá kàn, yálà ewé, igi, tàbí ènìyàn. Bí omi bá ti ń jáde, tí ọ̀rá tí ó wà lójú awọ kò sì tó láti dí i lọ́nà, ara yóò funfun bí ẹni pé wọ́n fi eérú kùn ún, ètè yóò sán, gìgísẹ̀ yóò sì là.

Èdè Yorùbá fi hàn pé àwọn baba ńlá ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Osùn ni wọ́n ń kùn. Òrí àti àdí ni wọ́n fi ń para. Ohun tí wọ́n ń kùn wà fún ẹwà àti àwọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń para wà fún dídáàbò bo ara. Láti inú ‘pa ara’ yìí ni ‘ìpara’ ti jáde. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí kí ó tó di orúkọ ohun tí wọ́n ń tà nínú ike.

Òrí ni àgbà nínú àwọn ohun ìpara Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn awalẹ̀pìtàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Kirikongo, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, rí èépá èso igi òrí tí ó fi hàn pé àwọn ará ibẹ̀ ti ń lo èso náà láti nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Nígbà tí Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Morocco, dé ilẹ̀ Mali ní ọdún 1352, ó ṣàkíyèsí èso kan tí wọ́n ń fún òróró láti inú kóró rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé wọ́n fi ń dáná oúnjẹ, wọ́n fi ń tan fìtílà, wọ́n fi ń para, wọ́n sì ń pò ó mọ́ erùpẹ̀ láti fi rẹ́ ilé. Àwọn onímọ̀ gbà pé òrí ni èyí. Takedda, tí ó wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Niger lónìí, ni ó gbà padà sílé ní ọdún 1353. Ní ọdún 1796, Mungo Park náà rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣa èso yìí nítòsí Odò Ọya, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1799. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ewéko fún igi náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Iṣẹ́ obìnrin ni òrí. Wọn a ṣa èso tí ó bá já bọ́, wọn a se kóró rẹ̀, wọn a sá a, wọn a pa á, wọn a yan án, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a wá fi omi pò ó títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Igi náà kì í so dáadáa títí yóò fi tó nǹkan bí ọdún 15 sí 20, nítorí náà ẹni tí ó bá gé e lulẹ̀ ti gé ogún ọmọ rẹ̀. Niamey gan-an gbẹ ju ibi tí igi náà ti ń ṣe dáadáa lọ. Ìhà gúúsù, ní agbègbè Dosso àti Gaya, àti lókè ààlà ní Alibori àti Borgou ní orílẹ̀-èdè Benin, ni ó ti pọ̀. Ìlú tí ó nílò òrí jù kò ní igi rẹ̀ nítòsí, òwò ni ó so ìlú náà mọ́ ọn.

Ọdún 1926 ni àwọn Faransé gbé olú-ìlú wá sí Niamey láti Zinder. Ní ìhà Nàìjíríà, ojú irin ti dé Kano ní ọdún 1911, ó sì ti ṣí ọ̀nà àríwá sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí àwọn kan nínú wọn kọjá lọ sí àwọn ìlú Niger. Ní Niamey, wọ́n bá Odò Ọya tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n wọ́n bá ọyẹ́ tí wọn kò mọ irú rẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n ń pè ní òrí ni àwọn Zarma ń pè ní bulanga, tí àwọn Hausa sì ń pè ní man kaɗanya. Orúkọ yàtọ̀ síra, ohun kan náà ni.

Àyípadà àṣà ìtọ́jú ara ni ọyẹ́ Niamey ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ti gúúsù wá. Eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ó sì máa ń fọ ọ̀rá kúrò lára. Ní ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti tutù, èyí kò pani lára. Nínú ọyẹ́, ó yẹ kí ó dín kù, kí omi ìwẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí omi gbígbóná náà a máa fọ ọ̀rá lọ. Kí omi tó gbẹ tán lára ni ó yẹ láti para. Òrí kì í bu omi fún awọ. Omi tí ó bá bá níbẹ̀ ni ó ń tì mọ́lé. Bákan náà ni Vaseline, tí Robert Chesebrough gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1872. Òrí fúnra rẹ̀ a máa tẹ̀ lé ìgbà: ní òwúrọ̀ oṣù Kìíní ó le bí ìda, àtẹ́lẹwọ́ ni yóò yọ́ ọ; ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ooru bá ju 40 lọ, ó ti di òróró nínú igbá.

Ọyẹ́ kò dúró lójú awọ nìkan. Ó ń gbẹ ihò imú, eruku sì ń bó o. Ní ọdún 1979, Tella tẹ ìwádìí kan jáde nípa bí òrí ṣe ń là imú tí ó dí. Síbẹ̀, òrí kì í ṣe oògùn àjàkálẹ̀ àrùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2015, àrùn yírùnyírùn kọlu ènìyàn tí ó ju 8,000 lọ ní Niger, ó pa iye tí ó ju 500 lọ, Niamey ni ó sì ti le jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò irú èyí.

Ewu mìíràn wà tí kì í ṣe ọyẹ́ ni ó mú un wá. Nínú ọ̀pọ̀ ìpara abóra tí ó kún ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni hydroquinone, mẹ́kúrì tàbí sítẹ́rọ́ìdì wà. Sítẹ́rọ́ìdì tí a ń lò fún ìgbà pípẹ́ a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mẹ́kúrì a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Awọ tí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni ọyẹ́ ń bá, kò sì ní agbára mọ́ láti dá omi dúró. Côte d’Ivoire fòfin de irú ìpara bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2015. Gánà fòfin de èyí tí ó ní hydroquinone ní ọdún 2016. Ní ọdún 2023, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata pinnu láti mú mẹ́kúrì kúrò nínú gbogbo ohun ìṣaralóge. Òfin dára, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹni tí ó ti gbà pé àwọ̀ ara òun ni àléébù dúró.

Lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù Keje ọdún 2023, àjọ ECOWAS ti ààlà Niger pa. Wọ́n mú ìjìyà náà kúrò ní oṣù Kejì ọdún 2024, síbẹ̀ Niger kò ṣí ààlà rẹ̀ pẹ̀lú Benin lẹ́yìn náà. Ọ̀nà Malanville sí Gaya, tí ẹrù Cotonou ti ń gbà dé Niamey fún ọ̀pọ̀ ọdún, wá di ọ̀nà tí ó dí. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kò mọ ààlà, kò sì dúró de ìpàdé àwọn ìjọba kí ó tó fẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí ni pé ìmọ̀ ìtọ́jú awọ ara ti dàgbà ní ilẹ̀ yìí kí ìpara inú ike tó dé. Ìmọ̀ náà kò sí nínú òrí nìkan. Ó wà nínú mímọ̀ pé ìgbà ti yí, àti pé ó yẹ kí ọwọ́ tí ń para bá ìgbà yí. Ẹni tí ó bá ń fi ìpara ìgbà òjò kojú ọyẹ́ Niamey, onítòbí náà ni, ọyẹ́ yóò sì kìlọ̀ fún un.